Ta Ló Ni Ìrọ̀lẹ́ Tíṣà?

Àgbẹ̀ tó ti ń kọ ebè láti ìdájí kì í fojú ire wo tíṣà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán. Ní Ifọ̀n, ní Ìdóàní, ní Ọ̀wọ̀, níbi gbogbo tí iṣu àti kòkó ti jẹ́ iṣẹ́ gidi, ohun tí wọ́n máa ń sọ kò yàtọ̀: iṣẹ́ tíṣà kò ju àárọ̀ lọ, họlidé sì tún ń bẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Wọn ò purọ́ tán, wọn ò sì sọ òótọ́ tán. Wákàtí tí tíṣà fi ń dúró níwájú bọ́ọ̀dù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ayé bàbá wa. Ẹni tó ń pàṣẹ lórí ìyókù ọjọ́ rẹ̀ ló ń yí padà.

Ìjọ ló kọ́kọ́ pàṣẹ. Látìgbà tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, tíṣà àti ajíhìnrere ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹnì kan náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896 ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bí wọn yóò ṣe mójú tó kíláàsì, ó sì ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe mójú tó ìjọ. Ẹ wo ọjọ́ kan nínú ayé irú tíṣà bẹ́ẹ̀ ní ìlú kékeré ní agbègbè Ọ̀wọ̀ nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣì lágbára. Agogo àdúrà òwúrọ̀ ló ń jí ìlú, òun ló sì ń rí sí i pé wọ́n lù ú. Lẹ́yìn àdúrà, ilé-ìwé. Lẹ́yìn ilé-ìwé, oko ilé-ìwé, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó gbé àdá àti ọkọ́ wá láti ilé. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi ti ń dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó kan àwọn akọrin. Láàárín gbogbo èyí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ lẹ́tà láti Èkó ń bọ̀ wá kí tíṣà bá òun kà á, ẹni tó lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá kí tíṣà bá òun kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tí àwọn ẹlòmíràn fi ń sinmi gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ jù. Bí ọdún bá sì parí, ìwé tránsífà lè dé, kó di ẹrù rẹ̀ sínú lọ́rì lọ sí ìlú tí kò dé rí.

Ìsinmi díẹ̀ tó ń rí, ara àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ti ń rí i. Àwọn ló ń pọnmi rẹ̀, àwọn ló ń ṣẹ́gi rẹ̀. Àwọn tó máa ń yin tíṣà àtijọ́ kì í sábà rántí ìyẹn.

Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí ní 1908, wà nínú ìran yìí. Ó wọ St. Andrew's ní 1924, ó jáde ní 1927, ó bọ́ sídìí iṣẹ́ olùkọ́. Òru ni tíṣà ìgbà náà tó bá ń wá ìwé ẹ̀rí kún ìwé ẹ̀rí fi ń kàwé: ẹ̀kọ́ tí Wolsey Hall ń fi ránṣẹ́ láti Oxford nínú àpòòwé, tí wọ́n ń kà nídìí àtùpà nígbà tí ìjọ àti ìlú bá ti sùn. Ajásin lọ sí Fourah Bay ní Sàró ní 1943, ó kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà sílé ní 1947 láti di ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀. NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ti wà nígbà náà láti 1931, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n gbájú mọ́, kò sì yani lẹ́nu. Ẹni tí ebi ń pa kì í jà fún ìrọ̀lẹ́.

Ní oṣù Kìíní 1955 ni àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ ìjọ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ìwé tí Ajásin kọ fún ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group lórí ètò ẹ̀kọ́ wà nínú ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bí 457,000 sí bí 811,000. Tíṣà tó gboyè kò tó nǹkan, ni wọ́n bá kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé sí kíláàsì. Ìwé tó yẹ kí ènìyàn méjì pín mákì ni ẹnì kan ń gbé lọ sílé.

Nígbà náà ni àwọn tó wá kọ́ni láti òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn Peace Corps Amẹ́ríkà dé ní 1961, púpọ̀ nínú wọn sì ń kọ́ni ní girama. Ìrọ̀lẹ́ tiwọn wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń wò wọ́n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, tó ṣì ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, fi àkókò ọwọ́-dilẹ̀ kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ṣàpèjúwe ìdọ̀tí tó rí nílùú. Káàdì náà já bọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì rí i, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n fẹ̀hónú hàn, ó sì di dandan kó padà sílé. Lẹ́yìn wọn, ní ìgbà tí owó epo pọ̀, ó kan àwọn ará Gánà. Ọ̀pọ̀ ọmọ girama ayé ìgbà náà ló mọ tíṣà Gánà kan tó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò. Ajásin ti di gómìnà Oǹdó láti 1979, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé girama, àwọn tíṣà Gánà sì wúlò. Ní oṣù Kìíní 1983 ni ìjọba Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé kó ẹrù wọn.

Lẹ́yìn náà ni náírà ṣubú, tí owó oṣù ń pẹ́. Ọjà ló wá gba ìrọ̀lẹ́ tíṣà: lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ ẹni tó lówó, oko, ọ̀kadà, ṣọ́ọ̀bù ìyàwó. Mi ò rí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn lẹ́bi. Ní ẹkùn Ọ̀sẹ́, níbi tí Ifọ̀n àti Ìdóàní wà, ẹ̀rù tún ti dá sí i. Ní oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n yìnbọn pa Olúfọ̀n ti Ifọ̀n, Ọba Adégòkè Adéùsì, lójú ọ̀nà nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Tíṣà tó bá ń gbé Ọ̀wọ̀ tó ń kọ́ni ní Ifọ̀n, ọkọ̀ tó máa gbé e délé kí ilẹ̀ tó ṣú ni aago rẹ̀.

Abájọ tí ọ̀pọ̀ fi ń wo òkèèrè. Ìjọba àpapọ̀ ti ń rán àwọn ọmọ wa lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, àwọn tíṣà wà nínú wọn, nípasẹ̀ Technical Aid Corps láti 1987. Kòríà Gúúsù ní ètò tó dùn-ún gbọ́: wákàtí 40 lọ́sẹ̀, 22 péré nínú rẹ̀ níwájú ọmọ. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè méje ni físà àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn mọ̀, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣèdánwò látọjọ́ tí aláyé ti dáyé WAEC. Ìlẹ̀kùn tó ṣí ni ti Ìlú Ọba. Láti oṣù Kejì 2023, tíṣà láti Nàìjíríà tó ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè lè béèrè fún ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Níbẹ̀, láti 1987, òfin ti ka wákàtí tí ọ̀gá lè pàṣẹ lé lórí: 1,265 lọ́dún, láàárín ọjọ́ 195. Láti 2005, ó kéré tán ìdá mẹ́wàá àkókò ìkọ́ni gbọ́dọ̀ wà fún ìmúrasílẹ̀ àti mákì. Ṣùgbọ́n òfin kan náà tún ní kí tíṣà fi wákàtí mìíràn tó bá yẹ kún un kí iṣẹ́ lè parí, kò sì ka iye rẹ̀. Inú wákàtí tí wọn ò kà yìí ni ìwé mákì àwọn ará ibẹ̀ wà, ní alẹ́ àti ní ọjọ́ Àìkú, ibẹ̀ náà ni ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀sẹ́ máa bá tirẹ̀.