Fótò Mọ́kànlá Láti Tésàn Dùgbẹ̀

Níléèwé, ọdún la fi ń kọ́ ìtàn ọkọ̀ ojú irin. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 1907, ó ti dé Òṣogbo. Inú páálí bàtà kan ni mo ti kọ́ ìyókù.

Bàbá àgbà mi máa ń ya fótò ní tésàn rélùwéè Dùgbẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ló ń sanwó fún wọn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ọkọ̀ bá ń wọlé, wọn a ya ọkọ̀ náà fún ara wọn. Nígbà tí a fẹ́ tún ilé ṣe lọ́dún tó kọjá, àárín pàǹtírí ni mo ti rí páálí náà. Fótò mọ́kànlá péré ni omi òjò kò tíì bà jẹ́.

Wọn kò kọ ọdún sẹ́yìn wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n yà wọ́n? Mo wo ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Nínú mẹ́rin, kò sí Ilé Kòkó rárá. Nínú méjì, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Nínú márùn-ún, ó ti parí. Ọdún 1965 ni wọ́n parí ilé gogoro yìí, tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Àwòṣífìlà. Àwọn márùn-ún yẹn kò lè ṣáájú 1965.

Ṣùgbọ́n ọdún wo ló gbẹ̀yìn? Mo bi màmá àgbà.

“Ọmọ mi, ogun abẹ́lé ló dá wọn dúró,” ni wọ́n wí. “Sójà kan bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ya ọkọ̀. Ó ní amí ni wọ́n. Ó fa fíìmù wọn yọ sínú oòrùn, ó sì tì wọ́n mọ́lé fún ọjọ́ méjì. Láti ọjọ́ náà, ènìyàn nìkan ni wọ́n ń yà.”

Ọdún 1967 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 1970. Nítorí náà, fótò ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn kò lè kọjá 1970. Ilé kan àti ogun kan ló bá mi mọ ọjọ́ orí wọn. Èyí tí sójà bà jẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí tésàn tuntun ní Mọ́níyà, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021. Mo fi fóònù ya ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó dá mi dúró. Mo ní kí wọ́n tẹ fótò náà jáde, mo sì kọ ọjọ́ àti ibi tí mo ti yà á sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí páálí àtijọ́ wò kí ẹ tó dà á nù.