Láti Ariwo dé Gírámà: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dán Ọkàn Kọ̀ǹpútà Wò

Vridi ni ẹnu-ọ̀nà tí òkun gbà wọ Abidjan. Kí ó tó di ọdún 1950, iyanrìn ni ó dínà láàrin òkun àti ọ̀sà tí ìlú náà tẹ̀dó sí. Ojú agbami ni ọkọ̀ òkun ti ń dúró kí a tó kó ẹrù rẹ̀ gba orí afárá tí wọ́n nà sínú omi ní Port-Bouët. Ní 1950 ni wọ́n ṣí ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ la iyanrìn Vridi já, èbúté ńlá sì tẹ̀lé e ní 1951. Lóde òní, àwọn kíréènì gíga ni ó ń gbé kọ̀ǹténà kúrò nínú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ni ó sì mọ èyí tí ó kàn, ẹni tí ó ni ín, àti ibi tí a ó tò ó sí. Bí kọ̀ǹpútà bá dákẹ́, irin lásán ni ó kù létí omi.

Ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 2017 ni aráyé rí bí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní NotPetya gba inú ètò ìṣirò owó kan ní Ukraine jáde, ó sì kọlu ilé-iṣẹ́ Maersk ti Denmark. APM Terminals, ẹ̀ka Maersk, wà lára àwọn tí ó ni ibùdó kọ̀ǹténà Vridi. Nínú ibùdó 76 tí wọ́n ní káàkiri ayé, 17 ni iṣẹ́ dàrú. Kọ̀ǹpútà 45,000 àti server 4,000 ni wọ́n ní láti tún ètò inú wọn tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ pàtàkì tí ó mọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ wọn ti parẹ́ níbi gbogbo, àfi ní Ghana, nítorí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé. (Èmi kò tíì gbọ́ ibòmíràn tí iná tí ó lọ ti gba ilé-iṣẹ́ là.) Íntánẹ́ẹ̀tì Ghana kò lágbára tó láti fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sì ní ìwé àṣẹ láti wọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn gbé e wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfúrufú, ẹni yẹn ni ó sì gbé e dé London.

Báwo ni kòkòrò náà ṣe ń ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn? Ó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n ó tún ń lo irinṣẹ́ kan tí a ń pè ní EternalBlue, tí ó gba inú kernel Windows wọlé. Kernel ni ọkàn ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà: òun ni ó ń pín ìrántí ẹ̀rọ, òun ni ó sì ń dá gbogbo ètò yòókù lóhùn. Iṣẹ́ tí EternalBlue rán sí i bá ìlànà mu ní ìrísí; irọ́ ni ó pa nípa gígùn ara rẹ̀. Kernel fi igbá ńlá wọn gígùn náà níbì kan, ó fi igbá kékeré gbà á níbòmíràn, ohun tí ó ṣẹ́kù sì ya sí ibi tí kò yẹ. Microsoft ti tún un ṣe láti oṣù kẹta ọdún náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò tíì gba àtúnṣe yìí sínú ẹ̀rọ wọn.

Ọgbọ́n wíwá irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ariwo òjò ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 1988, Barton Miller, olùkọ́ ní Yunifásítì Wisconsin, ń fi okùn tẹlifóònù ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Unix tí ó wà ní ibi iṣẹ́. Òjò ń rọ̀, ariwo orí okùn ń da lẹ́tà kántankàntan mọ́ ohun tí ó ń tẹ̀. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé àwọn ètò tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ń ṣubú lulẹ̀ nítorí ariwo náà. Ó fi í ṣe iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní fuzz. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ètò tí wọ́n dán wò ni ọ̀rọ̀ kántankàntan ń gbé ṣubú.

Ariwo lásán kò tó fún kernel. Ẹ jẹ́ kí a fi èdè wò ó. Bí mo bá sọ pé “gbàkọ̀ lẹ̀ń ṣíbú rọ”, ẹnu ọ̀nà ni ọmọ Yorùbá yóò ti lé mi padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá wí pé “Òkúta àná ń fi ẹ̀rín ro oko ìdajì”, yóò gbà mí wọlé: olùwà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀, àbọ̀ pẹ̀lú wà níbẹ̀, inú ilé ni ìdààmú yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kernel rí. Ohun tí kò bá gírámà rẹ̀ mu, yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tí a kọ́ nípa inú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Dmitry Vyukov ní Google fi ṣe pàtàkì lójú onímọ̀ èdá-èdè. Syzkaller, tí ó jáde ní 2015, ní gírámà tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn ìpè tí kernel ń dáhùn: irú àbọ̀ tí ìpè kọ̀ọ̀kan ń gbà, àti èyí tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ìpè tí ó ń ka fáìlì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí fáìlì tí ìpè mìíràn ti ṣí, gẹ́gẹ́ bí “òun” ti gbọ́dọ̀ ní ẹni tí a ti dárúkọ. Láti inú gírámà yìí ni ó ti ń hun gbólóhùn tí ó tọ́ ní ìrísí tí kò sì ní láárí. Èyí tí ó bá la ipa-ọ̀nà tuntun nínú kernel ni yóò pa mọ́, tí yóò sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀. Láti 2017, syzbot ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣìṣe inú kernel Linux ni a sì ti fi tún ṣe.

Nǹkan kan ku. Bí kernel bá ṣubú, gbogbo ẹ̀rọ ni ó bá a ṣubú, ẹni tí ń dán an wò pẹ̀lú. Nítorí náà inú ẹ̀rọ àfarawé ni a ti ń ṣe é, ìyẹn odidi kọ̀ǹpútà tí kọ̀ǹpútà mìíràn fi ètò dá sí inú ara rẹ̀. QEMU, tí Fabrice Bellard gbé jáde ní 2003, jẹ́ ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀. Ẹ̀rọ ti inú kú, ti òde ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀, ó sì jí òmíràn dìde.

Firmware le ju èyí lọ. Òun ni ètò tí olùṣe ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ inú irin, irú èyí tí ń darí mọ́tò. Kì í dúró de ọ̀rọ̀ ènìyàn nìkan. Irin tí ó yí i ká ni ó máa ń bi léèrè: mọ́tò ti yí tó? ẹrù ti wúwo tó? Nínú ẹ̀rọ àfarawé, irin náà kò sí, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Fuzzware, tí àwọn onímọ̀ Bochum ní Jámánì gbé jáde ní 2022, ń wo bí firmware ṣe ń lo ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ irú irọ́ tí ó yẹ kí ó pa fún un.

Ní 2022 kan náà ni ibùdó kọ̀ǹténà kejì ṣí ní Vridi, tí ó ń lo kíréènì oníná. Ní èrò tèmi, ibi tí ó yẹ kí ìjíròrò èbúté wa lórí ààbò kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé àdéhùn tí a fi ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Gírámà Linux wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè fi kún un. Ti firmware kíréènì, olùṣe rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé olùrà ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà firmware náà àti àlàyé bí ó ṣe ń gba iṣẹ́ wọlé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Abidjan tàbí ní Èkó lè gbé e sínú ẹ̀rọ àfarawé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí.