Ta Ló Ni Àdúrà?

Ìwé kẹrin ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 2018, nígbà tí tíṣà wa wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí kó ìwé wọn, kí wọ́n bọ́ sí kíláàsì kejì. Ṣáájú ọjọ́ náà, abẹ́ orúkọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kọ́ gbogbo wa ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà gbé báàgì rẹ̀, ó tẹ̀lé àwọn yòókù. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo bi í pé kí ni wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀. Ó ní àdúrà ni. Mo ní irọ́ ló ń pa, pé àwa la ni àdúrà, ìrun ni tiwọn. Òun náà fèsì pé àwọn ló ni àdúrà, orin ni tiwa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ìjà nìyẹn. Bọ́tìnnì mẹ́ta já lára aṣọ mi.

Ìyá mi àgbà ló bá mi rán bọ́tìnnì náà padà. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá mi tí wọ́n bí jẹ́ Kristẹni. Nígbà tí mo rojọ́ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ẹ ò bá ti béèrè ẹni tó mú un wá." Mi ò mọ ẹni tó mú un wá nígbà náà. Ìgbà tí mo dé kíláàsì àgbà, tí mo ń ka ìwé ìtàn, ni mo tó rí i pé ọ̀rẹ́ mi ló jàre. Ká sọ pé ó jàre dé ìdajì.

Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Du'a ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Kó tó dé ẹnu Yorùbá, ó ti di àdúrà. Kì í sì ṣe òun nìkan. Àlàáfíà tí a fi ń béèrè ara wa láràárọ̀, tí pásítọ̀ sì fi ń tú ìjọ ká, al-afiya ni níbẹ̀rẹ̀. Wàásù, wa'z ni. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àlùfáà. Bí Kristẹni bá sọ pé àlùfáà ń bọ̀, ẹni tó wọ aṣọ oyè tó dúró níwájú pẹpẹ ló ní lọ́kàn. Bí Mùsùlùmí bá sọ pé áàfáà ń bọ̀, ẹni tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ní agbègbè Timbuktu ti ń jẹ́ alfa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó wà nílẹ̀ Yorùbá.

Ohun tó fà á ni pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ tó ń ti òkè ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ ló mú un wá, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀ kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, Yorùbá ti ní orúkọ tí wọ́n ń pe bíbá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti ní orúkọ fún ẹni tó ń fi ìwé mímọ́ kọ́ni.

Ẹni tó wá gbé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wọ inú Bíbélì ni Samuel Àjàyí Crowther. Ìtàn ọkùnrin yìí kò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Kò ju ọmọ ọdún 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ní ọdún 1821 tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣoógùn, ìlú rẹ̀. Nínú lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní ọdún 1837, ó sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́: àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn Fúlàní sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n fi okùn so òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́ra bí ẹran. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ náà lójú òkun ní oṣù kẹrin ọdún 1822, tó kó wọn lọ sí Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843, ó sì padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25.

Ẹ bá mi rò ó wò. Bí ẹnì kan bá wà tó ní ìdí láti sọ pé òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Mùsùlùmí jáde mọ́ láyé òun, ṣé kì í ṣe Àjàyí ni? Síbẹ̀, nígbà tó jókòó ti iṣẹ́ ìtumọ̀, àdúrà ló kọ, wàásù ló kọ, àlùfáà ló kọ, àlàáfíà ló kọ. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850. Odindi Bíbélì, tí àwọn mìíràn bá a lọ́wọ́ sí, parí ní ọdún 1884. Ó lè hun ọ̀rọ̀ tuntun bó bá fẹ́. Ó lè yá ti Gẹ̀ẹ́sì, bí a ṣe yá bíṣọ́ọ̀bù, oyè tí òun gan-an jẹ ní ọdún 1864. Mi ò ní sọ pé ó ti dárí ji àwọn tó kó o lẹ́rú, torí mi ò sí nínú ọkàn rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa gbọ́ tó máa yé e ló ń wá, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti gbogbo ilé nígbà náà.

Àwọn Mùsùlùmí náà rí gbà lọ́wọ́ Kristẹni. Mọ́sáláàṣí Shitta Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894, João Baptista da Costa ló kọ́ ọ, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Kátólíìkì. Ẹni tó sì kọ́kọ́ tú Àlùkùráánì sí èdè Yorùbá kì í ṣe áàfáà. Òjíṣẹ́ ìjọ Kristẹni ni, Rẹ́fúrẹ́ǹdì M. S. Cole, ní ọdún 1906. Bóyá kí àwọn ara ìjọ rẹ̀ lè mọ ohun tí wọ́n máa fi bá Mùsùlùmí jiyàn ló ṣe ṣe é o. Ìdí yòówù kó jẹ́, ó ní láti jókòó ti ìwé mímọ́ ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mélòó nínú wa ló ti ṣe bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ ẹ̀sìn kan wà nílẹ̀ tí kò rí irú ọ̀wọ̀ yẹn gbà. Ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni Bíbélì Yorùbá ti mú Ọlọ́run, ibẹ̀ ló ti mú ẹbọ, Mùsùlùmí náà sì ń pe Ọlọ́run, bí ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ fẹ́ràn láti máa wí pé Ọlọ́hun. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rẹ́ mi jàre dé ìdajì: wọ́n mú àdúrà wá, ṣùgbọ́n Ẹni tí a ń gbàdúrà sí ti ní orúkọ níbí kí wọ́n tó dé. Èrè wo wá ni àwọn tó fún wa ní orúkọ yìí rí? Nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa pe Sátánì, Èṣù ni wọ́n mú, Mùsùlùmí àti Kristẹni sì fẹnu kò lórí rẹ̀. Nínú Ifá, Èṣù ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ojú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbẹ́ sí etí ọpọ́n tí babaláwo fi ń dífá. Ó ń dán èèyàn wò, ó sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá kọ ẹbọ, ṣùgbọ́n ọ̀tá Olódùmarè kọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọdé fi mọ gbogbo ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lónìí. Àwọn kan gbìyànjú láti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. E. M. Lijadu, ajíhìnrere ní Òǹdó, lọ jókòó ti babaláwo láti kọ́ nípa Ifá, ó sì tẹ ìwé jáde lórí Ọ̀rúnmìlà ní ọdún 1908.

Ó yẹ kí n sọ ti ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù àwọn òbí ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tó jẹ́ Mùsùlùmí nígbà tó ń lọ lè padà wálé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Nítorí èyí ni ìjọba fi dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó ní ọdún 1896, nítorí rẹ̀ náà ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, kí ọmọ lè kàwé láì fi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, onírúurú ọmọ kún inú kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò lọ.

Ìdí nìyẹn tí ariwo fi sọ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristẹni àti ti Ìsìláàmù pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí lábẹ́ orúkọ iṣẹ́ kan ní ọdún 2014, ọdún tí mo wọ ìwé kìíní. Àwọn aṣáájú Kristẹni ló pariwo jù. Ní ọdún 2017, ìjọba ní kí wọ́n tún yà wọ́n. Mi ò bá àwọn tó pariwo wí. Ẹni tó bá sọ fún ọmọdé pé ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀sìn, irọ́ ló pa fún un, ọmọ náà á sì mọ̀ bó bá délé. Ọmọ Ọlọ́run ni Kristẹni ń pe Jésù. Mùsùlùmí ní Ànábì Ísà ni, wòlíì ni. Kò sí bí a ṣe lè fi ìwé kan mú ìyẹn kúrò.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn kò ní kí wọ́n má kọ́ wa ní ìtàn. Kí tíṣà tó ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ sí kíláàsì kejì, ó lè kọ àdúrà sí ojú pátákó, kó sọ ibi tó ti wá. Ó lè kọ àlùfáà sí abẹ́ rẹ̀. Ó lè kọ Èṣù, kó sọ òótọ́ nípa ìyẹn náà, bó tilẹ̀ máa le. Ìṣẹ́jú 40 tó fún un. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa ni, bọ́tìnnì mi ì bá má já.

Àbúrò mi wà ní ìwé kẹrin báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó délé, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ní Kristẹni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Àlùkùráánì. Mo sọ ti Rẹ́fúrẹ́ǹdì Cole fún un. Ó ní mò ń parọ́. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó mú bírò wá, ó ní kí n kọ orúkọ náà àti ọdún náà sí ẹ̀yìn ìwé òun, kí òun lè fi han tíṣà.