Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn àti Àpólà Atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì: Àlàyé fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Ń Sọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ láti fi ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn nínú gbólóhùn hàn. Ìbáṣepọ̀ náà lè jẹ́ ti ibi, ti àkókò, ti ohun èlò tàbí ti orísun. Bí a bá pa atọ́kùn pọ̀ mọ́ àpólà orúkọ tí ó jẹ́ abọ̀ rẹ̀, àpólà atọ́kùn ni a ní. Nínú ‘She lives in Kubwa’, ‘in’ ni atọ́kùn, ‘Kubwa’ ni abọ̀ rẹ̀, ‘in Kubwa’ sì ni àpólà atọ́kùn.

Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kúrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò kéré. Ní Kubwa, ìlú àwọn Gbagyi ní ẹkùn Bwari ní Àbújá, ọmọ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò jọ ń jókòó sí kíláàsì kan náà ni, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ní Bwari yìí kan náà ni olú ilé iṣẹ́ JAMB wà. Nínú ìbéèrè 180 tí ó wà nínú ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, 60 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ọmọ Yorùbá ń ṣe lórí atọ́kùn kì í ṣe ti àìgbọ́n. Òfin èdè abínibí rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Bí olùkọ́ bá mọ òfin náà, yóò mọ ibi tí àtúnṣe ti yẹ.

‘Ní’ kan ṣoṣo dípò mẹ́ta

Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

Mò ń gbé ní Kubwa: ‘I live in Kubwa.’
Mo wà ní ibùdókọ̀: ‘I am at the station.’
Mo wà ní òpópónà márosẹ̀: ‘I am on the expressway.’

‘Ní’ kan náà ni Yorùbá lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè irú ibi tí ó jẹ́: ‘in’ fún ibi tí ó ní ààlà, ‘at’ fún ibi tí a kà sí ojú kan pàtó, ‘on’ fún ojú ohun tí ó tẹ́ tàbí ọ̀nà gbọọrọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkókò. Ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná, tí ó ní ibùdókọ̀ ní Kubwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2016, ní ọjọ́ 26 oṣù Keje. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọdún gba ‘in’, ọjọ́ gba ‘on’. Bí a bá dárúkọ aago, ‘at’ ni.

‘Orí’, ‘inú’ àti ‘abẹ́’

Àwọn kan máa ń ka ‘lórí’ sí atọ́kùn kan ṣoṣo bíi ‘on’. Kò rí bẹ́ẹ̀. ‘Ní’ àti ọ̀rọ̀ orúkọ ‘orí’ ni. ‘Ní’ a máa di ‘l’ níwájú fáwẹ̀lì tí kì í ṣe ‘i’: lórí, lábẹ́, lẹ́yìn, ṣùgbọ́n nínú, níwájú. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ‘ní’ kì í sí níbẹ̀ nígbà tí àpólà náà bá ń yán orúkọ:

Ọkùnrin inú ọkọ̀ rí mi: ‘The man in the bus saw me.’
Ọkùnrin náà rí mi nínú ọkọ̀: ‘The man saw me in the bus.’

Gẹ̀ẹ́sì lo ‘in the bus’ fún méjèèjì. Ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn ni ó fi ìyàtọ̀ hàn. Ìdí kan náà ni ‘wọ inú ọkọ̀’ fi ń di ‘enter inside the bus’ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. ‘Enter the bus’ ti tó.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó ń tọ́ka ọ̀nà

Ní Yorùbá, ‘Owó wà nínú àpò’ àti ‘Ó yọ owó nínú àpò’ ní àpólà atọ́kùn kan náà. ‘Yọ’ ni ó sọ fún wa pé owó náà jáde. Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ yìí lé atọ́kùn lọ́wọ́: ‘in the bag’, ‘out of the bag’. Nítorí náà, ‘Mo gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́’ gbọ́dọ̀ di ‘from the teacher’. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá ni ó ń dípò atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì pátápátá: ‘Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu’ ni ‘He cut the yam with a knife.’

Atọ́kùn ní ìparí

‘Ní’ kì í dúró láìní abọ̀. ‘Mò ń gbé ní ilé náà’ a di ‘ilé tí mò ń gbé’. ‘Ní’ ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ ‘the house I live’. Ní Gẹ̀ẹ́sì, atọ́kùn gbọ́dọ̀ kù: ‘the house I live in’.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe há ìtumọ̀ atọ́kùn sórí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: irú ibi tàbí àkókò wo ni? Ṣé ohun náà dúró síbẹ̀, ó ń lọ síbẹ̀, àbí ó ń kúrò níbẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì yìí tilẹ̀ ń fẹ́ atọ́kùn? Ẹni tí ó bá lè dáhùn wọn kò ní máa wá atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì nínú ‘ní’ nìkan mọ́.