Òwú Odídẹrẹ́ nínú Agbo Ilé

Ní Òṣogbo àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, odídẹrẹ́ kì í ṣe ẹyẹ yẹpẹrẹ. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ pupa, èyí tí à ń pè ní ìkóódẹ, ni a fi ń ṣe orí ìyàwó òrìṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ń bẹ lára ohun ọ̀ṣọ́ àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, a sì máa ń rí i lára adé ọba. Ìwó, aládùúgbò Òṣogbo, ni a mọ̀ sí ìlú odídẹrẹ́. Nítorí pé ẹyẹ náà ń sọ ohun tí ó bá gbọ́ láì fi igbá kan bọ̀kan nínú, àwọn àgbà sọ ọ́ ní Ayékòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ ọlọ́lá yìí ní òkìkí mìíràn nínú ilé tí a bá ti ń sìn ín: agénijẹ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gbà kí ó fọwọ́ kan òun ní orí. Bí ìyàwó onítọ̀hún bá na ọwọ́ sí i, tàbí tí ọmọ bá sún mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ará ilé a ní ó ń jowú bí orogún. Àwọn mìíràn a ní ìwà burúkú ni a dá mọ́ ọn. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àpérò yìí ni pé: ṣé inú igbó ni odídẹrẹ́ ti mú òwú náà wá ni, tàbí inú ilé ni ó ti kọ́ ọ?

Kí a tó dá ẹyẹ lẹ́bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń gbé ní igbó. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni odídẹrẹ́ ń fò lọ jẹ ẹyìn, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n sì ń sùn lórí igi gíga. Bí àkókò ìyé bá tó, akọ kan àti abo kan a wá ihò nínú igi ńlá. Abo a yé ẹyin mẹ́ta sí márùn-ún, a sì sàba lé wọn fún nǹkan bí oṣù kan. Akọ ni yóò máa bọ́ ọ, tí yóò sì máa ṣọ́ ẹnu ihò. Àwọn ọmọ a tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó fò jáde. Síbẹ̀, ẹyẹ igbó kì í sáré gé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. A kọ́kọ́ gbé ìyẹ́ ọrùn sókè, a la ẹnu, a ké. Èyí tí ó kìlọ̀ fún a sì bá tirẹ̀ lọ, nítorí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Nínú ilé, kò sí ojú ọ̀run. Agùngi a mú ọmọ odídẹrẹ́ nínú ihò kí ìyẹ́ rẹ̀ tó pé. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa bọ́ ọ, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀, tí yóò máa gbé e lé èjìká. Bí ó bá dàgbà tí àkókò ìyé dé, ẹni náà ni yóò mú ní èkejì rẹ̀, àgò rẹ̀ tàbí èjìká ẹni náà a sì di ẹnu ihò. Nígbà náà, ìyàwó àti ọmọ di àlejò tí ó fẹ́ gba ilé. Ó gbé ìyẹ́ sókè, wọn kò kíyè sí i. Ó ké, wọ́n rò pé eré ni. Ó kù kí ó lo àgógó líle tí ó fi ń la èso igbó. Nígbà mìíràn, àyànfẹ́ rẹ̀ gan-an ni yóò gé jẹ nígbà tí ẹlòmíràn bá wọlé. Kì í ṣe ìkórìíra. Ńṣe ni ó ń lé e kúrò níwájú ẹni tí ó kà sí ọ̀tá. Igbó ni ẹyẹ ti mú ìṣọ́ wá. Ilé ni ó sọ ìṣọ́ náà di òwú.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí 500 ọdún tí àwọn Pọtogí ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ kó odídẹrẹ́ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù. Ọ̀kan nínú irú wọn bọ́ sí ọwọ́ Frances Stuart, obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ Dúùkù Richmond. Ìtàn sọ pé ó bá a gbé fún 40 ọdún, àti pé nígbà tí obìnrin náà kú ní 1702, kò pẹ́ tí ẹyẹ náà fi kú tẹ̀lé e. Wọ́n tọ́jú òkú ẹyẹ náà sí Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìtàn kejì kọ́ni ní ọgbọ́n mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, ní 1977, Irene Pepperberg ra odídẹrẹ́ kan, ó pè é ní Alex. Ènìyàn méjì ni ó fi ń kọ́ ọ: ọ̀kan ṣe olùkọ́, èkejì ṣe abánidíje, tí yóò dáhùn ìbéèrè tí yóò sì gba ẹ̀bùn níṣojú ẹyẹ, lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì a pààrọ̀ ipò. Ẹyẹ tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ohun tí ó wu òun a tẹ́tí. Kí Alex tó kú ní 2007, ó ti mọ orúkọ nǹkan tí ó ju 50 lọ, ó mọ àwọ̀, ó sì mọ iye títí dé mẹ́fà. Òwú tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ní ilé kan ni ó fa ẹ̀kọ́ ní ibòmíràn.

Agbo ilé tiwa náà ní ohun tí a nílò, èyíinì ni ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ẹni tí ẹyẹ ń gé jẹ ni kí ó máa fún un ní ẹyìn tí ó fẹ́ràn jù, kí àyànfẹ́ rẹ̀ sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Kí a má gbé e lé èjìká nígbà tí ẹlòmíràn bá wà nítòsí. Kí a má nà án, kí a má sì pariwo mọ́ ọn. Bí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ bá dìde, kí a gbà pé ó ti sọ̀rọ̀, kí a sì yẹra.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kọjá eré ìdárayá. Bí oko kòkó ti ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni igi ńlá tí ó ní ihò ń dín kù; òwò ẹyẹ sì tún dá kún un káàkiri Áfíríkà. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ rí i pé láti 1992, ó ju 90 lọ nínú 100 odídẹrẹ́ tí ó ti dàwátì. Ní 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kínní 2017. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ra ọmọ odídẹrẹ́ lọ́wọ́ agùngi.

Ní ti èyí tí ó ti wà nílé, ó lè lo 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà a máa wúre pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ inú àgò kò ní oko; ọwọ́ ènìyàn ni oko rẹ̀. Bí ẹni tí ó ni ín bá kú, ọmọ tí ó ń gé jẹ lónìí ni yóò jogún rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá ti rẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé, ta ni yóò bọ́ ọ?