Sísanra Nínú Ìtàn Oúnjẹ Yorùbá

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí oúnjẹ àwọn Yorùbá ṣe yí padà láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àti bí ìyípadà náà ṣe kan ìwọ̀n ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Nínú èdè wa, oríyìn ni kí á sọ fún ènìyàn pé ó sanra. Ẹni tí ó ti àjò dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún ni à ń sọ fún pé ayé ń yẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá rù ni à ń bi léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Èrò wa ni pé ìtàn oúnjẹ ni ó bí oríyìn yìí, àti pé oúnjẹ náà ti yí padà nígbà tí oríyìn kò yí padà.

Kí àwọn ará Yúróòpù tó dé Amẹ́ríkà ní 1492, kò sí àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí àti epo pupa ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ ilẹ̀ wa. Nígbà tí àgbàdo dé, ó di ẹ̀kọ, ó sì di oúnjẹ tolówó-tálákà. Ẹ̀gẹ́ pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀. Àwọn òpìtàn gbà pé àwọn Àgùdà tí wọ́n padà wálé láti Bùràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kópa nínú títan ìmọ̀ gàrí ṣíṣe kálẹ̀.

Làálàá tí ó wà nídìí àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ni ó yẹ kí á fi ọkàn sí. Kí iyán tó dé inú àwo, a ti kọ ebè, a ti rìn lọ sóko, a ti ru iṣu bọ̀, a sì ti gún un nínú odó. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú iṣu tuntun, iṣu a máa tán nílé. Ọ̀rá tí ara bá kó pamọ́ nígbà ìkórè, àsìkò ọ̀wọ́n ni yóò ná an. Kí á tún rántí àwọn ogun ọ̀rúndún náà, títí kan Kírìjì (1877 sí 1886), tí ó sọ ọ̀pọ̀ oko di igbó. Láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ara tí ó kún jẹ́ ẹ̀rí pé oúnjẹ wà nílé, pé àìsàn kò sì sí níbẹ̀.

Àwọn àgbà ti to oúnjẹ ní ipò fún wa: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ. Iyán tí ó gba agbára jù ni ó wà lókè. Òwe náà kò mọ búrẹ́dì.

Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tí ó wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tí ó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ gbogbogbòò lẹ́yìn tí ó dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1920. Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 mú kí àlìkámà òkèèrè pọ̀ sí i. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó o wọlé ní 1987, búrẹ́dì wọ́n gógó, síbẹ̀ ẹnu kò gbàgbé rẹ̀, wọ́n sì gbé òfin náà kúrò ní 1992. Ní 1988 ni Indomie dé. Ẹ wo oúnjẹ àárọ̀ ará ìlú ńlá: búrẹ́dì, bọ́tà, tíì, mílíìkì, ṣúgà. Àyálò ni gbogbo orúkọ wọn. (A ti fi wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ àyálò títí, a kò bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ikùn.)

Bí agbára tí ó wà nínú oúnjẹ bá ju èyí tí ara ń lò lọ, ara a sọ ìyókù di ọ̀rá. Gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti ṣúgà ní 4. Ìdí nìyí tí dòdò fi ń mú ni sanra ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè lọ. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ti rẹ̀ ń wọlé láì mú ènìyàn yó, nítorí náà òkèlè kò dínkù. Ẹni tí ó ń mu ún kò sì kọ ebè. Ọkọ̀ ni ó ń gbé e kiri.

Àwọn kan a máa sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni sísanra wà. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, ti Yunifásítì Loyola ní Chicago àti àwọn mìíràn jùmọ̀ ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n wọn àwọn ará Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà, wọ́n wọn àwọn ará Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù mìíràn ní Kàríbíànì, wọ́n sì wọn àwọn aláwọ̀ dúdú Maywood lẹ́bàá Chicago. Ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ará Maywood ni ó sanra jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ̀lé ìlà kan náà: ìdá 16 nínú 100 ní ọ̀dọ̀ tiwa, 26 ní Kàríbíànì, 33 ní Maywood. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Àwo oúnjẹ àti iṣẹ́ òòjọ́ ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, a kò fara mọ́ àwọn tí ń di gbogbo ẹ̀bi ru àmàlà. Àwọn baba wa jẹ ẹ́, wọn kò sanra. Òkèlè tí ó pọ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ, ẹran tí a dín nínú òróró àti ohun mímu dídùn tí a fi ń sìn ín ni ó yẹ kí á bá wí.

Ìṣòro tí ó kan iṣẹ́ tiwa gan-an ni ti ọ̀rọ̀. Ní 1997, Àjọ Ìlera Àgbáyé pe àwọn onímọ̀ jọ sí Geneva lórí sísanra tí ó ti di àrùn. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.70, tí ó sì wọn kìlógíráàmù 87, ti wọ inú rẹ̀. Kí ni à ń pè é? Ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ni "rọ̀bọ̀tọ̀", ọmọ ọwọ́ ni à ń lò ó fún. Ẹ̀fẹ̀ ni "bọ̀kẹ́tẹ́". "Ìsanrajù" wà, ṣùgbọ́n etí kò tíì gbọ́ àrùn nínú rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé, "Màmá, ẹ ti sanra sí i," ó ṣeé ṣe kí ìyá náà rẹ́rìn-ín, kí ó dáhùn pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi," kí ó sì máa lọ sílé.