Òórùn Ọtí Kíkan: Fíìmù Àtijọ́ Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Wa

  Ìtàn ni iṣẹ́ wa lórí ètò yìí. Inú yàrá kan ní Ìbà ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti ṣe ohun kan tí mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa mọ́tò sinimá fún ìjọba. Bàbá máa ń sọ pé òun á dé ìlú kan lọ́sàn-án, òun á ta aṣọ funfun sí gbàgede, òun á tan jẹnẹrétọ̀, tọmọdé tàgbà á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín, a rò pé bàbá kàn ń pa àlọ́ ni.

Lọ́dún 2009, bàbá jáde láyé. Ìyàwó wọn ní kí n wá bá àwọn tú yàrá. Lábẹ́ ibùsùn la ti rí páálí kan. Agolo pẹlẹbẹ 11 ló wà nínú rẹ̀, ìpẹtà ti mú gbogbo wọn. Mo ṣí ọ̀kan, òórùn ọtí kíkan sì gbá mi nímú débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìyá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ó ṣì wúlò?" Mo ní, "Ìyá, ó ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká dà á nù." Àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kiri ló kó agolo lọ. A dáná sun ìyókù lẹ́yìnkùlé. Mi ò tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ ohun tí òórùn yẹn ń sọ fún mi. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí, torí ó dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ni mo bá irú páálí bẹ́ẹ̀ pàdé ní agbègbè wa yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí sinimá, ní gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Ilé iṣẹ́ Balboa láti ilẹ̀ Sípéènì ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì lọ́wọ́ nínú ètò náà. Nígbà yẹn, eré ìdárayá ni, ẹni tó bá lówó ló ń wò ó.

Ìjọba amúnisìn ló sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tó ń jẹ́ William Sellers. Nígbà tí àrùn tí eku ń kó ràn ń pa àwọn èèyàn l'Ékòó, Sellers gbé kámẹ́rà, ó ya bí wọ́n ṣe ń dẹ eku tí wọ́n sì ń gbógun ti àrùn náà. Fíìmù yẹn jáde lọ́dún 1937, *Anti-Plague Operations in Lagos* ni àkọlé rẹ̀. Lọ́dún 1939, nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi Sellers ṣe olórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni fíìmù fi ń wọ mọ́tò lọ sí ìlú àti abúlé: bí a ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá, bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, ìdí tó fi yẹ ká ran ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nínú ogun.

Wọ́n ní ọgbọ́n orí tiwa kò lè bá fíìmù tó ń yára mu. Nítorí náà, wọ́n ní kí kámẹ́rà máa dúró pẹ́ lójú kan, kí àwòrán má máa fò. Ìfojútínrín gbáà ni. Àmọ́ ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan: torí kámẹ́rà dúró pẹ́, ẹni tó bá ń wo fíìmù yẹn lónìí á ráyè wo ojú èèyàn, aṣọ tí wọ́n wọ̀, òrùlé ilé wọn, ọ̀nà tí wọ́n ń rìn. Ohun tí wọ́n fi kàn wá lábùkù ti di ẹ̀rí fún wa.

Ibo ni ẹ̀rí ọ̀hún wà? Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ó wà lọ́wọ́ British Film Institute, ó wà ní Imperial War Museum. Àkójọ orúkọ àwọn fíìmù ìgbà amúnisìn tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lé ní 6,000, a sì máa rí fíìmù eku Èkó yẹn nínú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀jọ́ tó bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe rí nígbà ayé bàbá bàbá rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ti béèrè.

Ti fíìmù tiata tiwa ló tún dùn mí jù. Lọ́dún 1976, Ọlá Balógun gbé *Àjàní Ògún* jáde lédè Yorùbá, Adé Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love ló jẹ́ ògúnnágbòǹgbò nínú rẹ̀. Hubert Ògúnǹdé tẹ̀ lé e pẹ̀lú *Ayé* lọ́dún 1979 àti *Jáyésinmi* lọ́dún 1980. Lọ́dún 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, gbé *Ọ̀run Móoru* dé. Àwọn òṣèré yìí ti ń fi lọ́rì kiri ìlú tipẹ́. Wọ́n wá ń fi agolo fíìmù àti ẹ̀rọ ìgbéjáde kiri, wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀dà mélòó kan péré ni wọ́n ń tẹ̀, torí owó kékeré kọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀dà kan bá gba inú ẹ̀rọ kọjá ló ń há sí i. Nẹ́gẹ́tíìfù, tó jẹ́ ìyá fíìmù, kì í sábà sí nílé: ilé iṣẹ́ tó fọ̀ ọ́ lókè òkun ló máa ń wà. Bí ilé iṣẹ́ yẹn bá kógbá sílé, tàbí tí kò sẹ́ni tó san owó ìpamọ́, ìyá ti sọnù nìyẹn. Ògúnǹdé kú lọ́dún 1990, Adé Love lọ́dún 1996. Ẹni tó lè sọ ibi tí agolo wà ń kú, agolo sì ń bẹ nílẹ̀ láìní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé òórùn yẹn. Ike kan tí wọ́n ń pè ní acetate ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà náà. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà ọtí kíkan jáde. Èròjà yẹn kan náà ló tún ń mú kó yára jẹrà, ó sì ń ràn: agolo kan tó bá ti ń rùn yóò kó o ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fíìmù á sún kì, á ká kò, á gan bí ewé gbígbẹ. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí fíìmù tuntun bá wà nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 21°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 50 nínú 100, nǹkan bí 40 ọdún ni kí òórùn tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní yàrá oní-21°C ní Okokomaiko? Bí ooru bá ṣe pọ̀ sí i ni ọdún yẹn ń dín kù. Ẹ̀fọn nìkan kọ́ ni ọ̀rinrin ọ̀sà wa ń bọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: òórùn kò túmọ̀ sí pé fíìmù ti kú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Òórùn dà bí ikọ́ aláìsàn, ó ń sọ pé kí a tètè wá dókítà. Àwọn olùtọ́jú fíìmù ní ìwé pélébé kan aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fi sínú agolo. Bó bá di gíríìnì, àìsàn ti wọlé. Bó bá di yẹ́lò, ó ti le, kí wọ́n yára ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀rí wà pé ó ṣeé ṣe. Lọ́dún 2015, Didi Cheeka, òǹṣèfíìmù kan l'Ékòó, rí òkìtì agolo tó ti dípẹtà nínú ọgbà tí Colonial Film Unit lò rí ní Ìkòyí. Wíwá tó ń wá kiri lẹ́yìn náà gbé e dé Jos, níbi tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé ìpamọ́ fíìmù orílẹ̀-èdè sí. Ibẹ̀ ni *Shaihu Umar* ti jáde, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976 látinú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti sọnù. Ilé iṣẹ́ Arsenal ní Jámánì bá a tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún 2018. Jos tutù ju Èkó lọ, ó wà lórí òkè, kò sì burú pé ibẹ̀ ni ilé ìpamọ́ wà. Àmọ́ ta ni yóò gbé agolo kan láti Ìbà dé Jos? Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ìhà tiwa náà ní yàrá títutù kan, kékeré báyìí, pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́.

Kí a tó máa dá ìjọba nìkan lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká dé Alábà ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà *Ọ̀run Móoru* sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, wọ́n sì ti Bàbá Sàlá sínú gbèsè tó fi ọ̀pọ̀ ọdún san. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yin olè. Síbẹ̀, òótọ́ kan wà tó korò: púpọ̀ nínú àwa tó mọ fíìmù yẹn lórí, ẹ̀dà ẹ̀dà la wò. Ohun tó pa olówó rẹ̀ ló gbé òjìji iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjà Alábà tà fídíò fún gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà ń hu èbù, ilé iṣẹ́ tó sì ń ṣe ẹ̀rọ VHS kẹ́yìn láyé dáwọ́ dúró lọ́dún 2016. Òjìji náà ń lọ o.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko. Bí bàbá yín bá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Volkswagen tó ṣí ní Ọ̀jọ́ níbí lọ́dún 1975, níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò ìjàpá, bí ìyá yín bá ṣe tiata, bí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣe olùkọ́, ẹ wo abẹ́ ibùsùn àti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí agolo, ẹ má sun ún. Fíìmù 35mm tó ti wà ṣáájú ọdún 1951 lè jẹ́ nitrate, kódà nínú omi ó ń jó. Ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó ṣí agolo. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ síbi gbígbẹ tí òòrùn ò dé. Ẹ má fi tipá ká a, ẹ má sì fi sínú ẹ̀rọ tí ẹ̀ ń dánra wò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbàlagbà tó lè dárúkọ àwọn ojú tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Fíìmù tí a kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ dà bí òkú tí kò ní ìdílé.

Ìyá tó bi mí ní ìbéèrè yẹn ṣì wà láyé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ jókòó tì wọ́n, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ gbogbo ìlú tí bàbá gbé sinimá dé. Wọ́n dárúkọ 7. Wọ́n ní, "Ó kù, ọmọ mi, mo ń gbàgbé." Mo ní, "Ẹ má kánjú, Ìyá. Mo máa padà wá."

Ó dìgbà kan ná o. Ẹ máa tọ́jú ohun tó wà lọ́wọ́ yín.